Orí Keje: Adìẹ Sùnmọ́nù

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé! Ṣé igi ìdáná ni Ọlọ́run fi dá itan mi ni?"

Ohùn Ògúnkòyà la ọ̀dẹ̀dẹ̀ já bí òkúta tó já bọ́ láti orí àpáta. Ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin ló rọ̀ mọ́ ọn lára: méjì ní apá, ọ̀kan ní ìbàdí, ìkẹrin di ẹsẹ̀ òsì mú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Agbẹ́kùúta ni ọkùnrin náà. Láti ìgbà tí òkun ti gba ilẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn ló ti ń la àpáta fún àwọn tó ń kọ́lé sókè, ọrùn rẹ̀ sì tóbi bí ìdí ọ̀pẹ. Ó fa orí sẹ́yìn, ó kàn án mọ́ ojú ẹ̀ṣọ́ tó di ìbàdí rẹ̀ mú. Ìró rẹ̀ dún pà. Ẹ̀jẹ̀ tú ní imú ẹ̀ṣọ́ náà bí omi tó já ọ̀pá rẹ̀.

"Yéè! Ó ti ṣẹ́ mi nímú o!"

"Ṣé eegun imú ni àbí ẹran?" Èkejì rẹ̀ ló bi í bẹ́ẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. "Bó bá jẹ́ eegun, o ti ní adìẹ tìrẹ nìyẹn."

"Ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn!" Ògúnkòyà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó burú ju ẹkún lọ. "Imú, itan, ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀! Ẹ kúkú dà mí sínú odó kí ẹ gún mi!"

Ìbídùnní dúró lẹ́nu ọ̀nà Yàrá Ìdọ́gba, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti fọ ọwọ́ tán, ó ká a sókè níwájú àyà bí ẹni tó ń gbàdúrà, ó sì ń gbàdúrà lóòótọ́. Ọdún karùn-ún rẹ̀ rèé tó ti ń kọ́ iṣẹ́ eegun nílé ìwòsàn Òkúta-Mẹ́ta. Ọdún márùn-ún oorun àìtó, ọdún márùn-ún oúnjẹ ìdúró, ọdún márùn-ún tí ọ̀gá ń fi irin gbá a lẹ́yìn ọwọ́ tó bá di òòlù mú bí ẹni di orógùn mú. Bí tòní bá kẹ́sẹ járí, ọ̀la ni wọn yóò wọ̀ ọ́ láṣọ ọ̀gá. Ẹyọ kan yìí ló kù.

"Ọlọ́run ìyá mi," ó ń wí nínú ikùn, "jẹ́ kó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Má jẹ̀ẹ́ kí n fa ọwọ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì."

Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ̀yin ènìyàn. Àdúrà tí ọmọ tí a fi orin ìsìn tọ́ ń gbà nìyẹn. Ibi tí ayé bá bá ẹnu dé, ibẹ̀ ni ẹnu ń bá a lọ.

Wọ́n wọ́ ọkùnrin náà kọjá lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sórí ilẹ̀kùn, ÌKA TÓ ṢẸ̀ NI À Ń GÉ, àti àwòrán àgbébọ̀ tí wọ́n di aṣọ mọ́ lẹ́sẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e jù sórí Ìdọ́gba. Irin ni ẹ̀rọ náà, ó gùn tó ibùsùn ọba, ó ní apá méjì àti ẹnu kan tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ nínú kí ó má baà bó awọ. Kì í bó awọ. Eegun nìkan ló ń bá wí. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń de ọkùnrin náà ni wọ́n ń ki ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, àní ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ pàápàá ń fi ohùn dídì gbè é:

"Ìdọ́gba, ọmọ irin tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀,
A-ṣẹ́-ìjòyè-bí-ẹní-ṣẹ́-ìyẹ́,
Kò mọ ojú, kò mọ imú,
Orúkọ tí a bá dá fún un ló ń jẹ."

Òǹtẹ̀ tó wà lọ́rùn ọwọ́ Ògúnkòyà tàn yanran lábẹ́ iná: ADÌẸ SÙNMỌ́NÙ. Ó gbójú sókè, ó rí Ìbídùnní.

"Áà! Ìwọ ọmọbìnrin yìí náà ni? O ò tíì ṣẹ́ mi tó?"

"Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá."

"Àárọ̀ wo ló kú? O tún fẹ́ sọ pé kí n mí kanlẹ̀! Lẹ́ẹ̀kíní o ní kí n mí kanlẹ̀, mo mí, mo gbọ́ itan mi bí ìgbà tí wọ́n tẹ ìkarahun ìgbín fọ́. Lẹ́ẹ̀kejì o tún ní kí n mí. Èémí mélòó ni ènìyàn ní nínú tí yóò máa mí kanlẹ̀ fún ọ?"

"Kòyà, farabalẹ̀." Láti orí ibùsùn kejì, tí kò jìn ju apá méjì lọ, ni ohùn náà ti wá. Sùnmọ́nù ni, ẹ̀ṣọ́ omi, ọkùnrin tínínrín tó ní irùngbọ̀n funfun. Òun ló ni eegun tí wọ́n torí rẹ̀ pe gbogbo èyí. Òfin ní ẹni tó bá ṣẹ́ eegun ẹlòmíràn ti di adìẹ rẹ̀, a ó ṣẹ́ tirẹ̀ náà, kí olóhun, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ́, sì máa wò ó.

"Sùnmọ́nù, dákẹ́ jàre! Ìwọ àti itan rẹ tó ya ọ̀lẹ. Tèmi ti jinná lẹ́ẹ̀mejì, tìrẹ ṣì ń sùn!"

"Ṣé èmi ni mo ní kó má jinná ni?" Sùnmọ́nù yíjú sí Ìbídùnní. "Dókítà, ọmọ mi, mo ti wí títí ẹnu mi fi bó. Lóòótọ́ ló fi ọ̀pá ìlàkúta lù mí nídìí ẹ̀rọ omi. Àmọ́ èmi ni mo kọ́kọ́ pè é ní olè lójú ìyàwó rẹ̀. Mo ti dárí jì í. Oṣù mẹ́jọ la ti jọ ń jẹ nínú àwo kan. Ọkùnrin yìí ló ń fá orí mi!"

"Ó sì ń gé e lára," Ògúnkòyà kùn.

"Òfin kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń dárí jini," ohùn kan wí lẹ́yìn wọn.

Ọ̀gá Ọlátẹ́jú ti wọlé, olórí àwọn aṣiṣẹ́-eegun, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé tó ṣì ń rìn gbọnrangandan bí ọ̀pá àsíá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kọ́wọ́ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi Ìbídùnní léèrè bó ti máa ń ṣe ní gbogbo àárọ̀, lójú àwọn aláìsàn.

"Dókítà Ìbídùnní. Eegun adìẹ jinná ṣáájú ti olóhun. Kí ni òfin wí?"

"Èyí tó ṣáájú yóò dúró de èkejì, sà."

"Báwo ni eegun ṣe ń dúró?"

"A ó tún un ṣẹ́, sà."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí èkejì yóò fi dé."

"Itan tí a bá ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójú kan náà, kí ló máa ń dà?"

"Mẹ́fà nínú mẹ́wàá la ń gé, sà."

"Mẹ́rin tó kù ńkọ́?"

"Méjì a máa kú."

"Ó dáa. Yẹ olóhun wò, kí a ṣe é tán. Mo ní àwọn mìíràn nílẹ̀."

Ògúnkòyà ń wo òkè àjà.

Ìbídùnní lọ sídìí ibùsùn Sùnmọ́nù, ó gbé ọwọ́ lé itan rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa wo àwòrán eegun, òun a máa kọ́kọ́ fọwọ́ wò ó. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. A-to-eegun ni ìyá náà, ní abúlé tó ti wà lábẹ́ omi báyìí. Kì í jí kí ó má kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá ki ọmọ ọmọ rẹ̀: Àwẹ̀ró, ọmọ a-to-eegun-bí-ẹní-to-ìlẹ̀kẹ̀, ọmọ ẹni tí ń fi ọwọ́ ríran nígbà tí ojú bá sùn. Yóò gbé ọwọ́ ọmọ náà lé ẹsẹ̀ ẹni tó ṣẹ́, yóò ní, "Eegun méjì tó bá fojú kan ara wọn a máa kí ara wọn. Yóò ha gbàràgàdà. Bí o ò bá gbọ́ ìkíni wọn, mọ̀ pé ẹnì kan wà láàárín tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́."

Ó di òkè itan Sùnmọ́nù mú, ó yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Oṣù mẹ́jọ, eegun náà ṣì ń yẹ̀. Ó tẹ́tí.

Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó múlọ́múlọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi òwú di àárín ìkòkò méjì.

Ó tún un yí, Sùnmọ́nù sì gbin. Kò gbọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Nígbà náà ni Ìbídùnní rántí. Ọwọ́ òun ló la itan yìí. Òun ló fi ọ̀pá irin sínú eegun yìí ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, tí Ọ̀gá Ọlátẹ́jú dúró lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti agogo lọ́wọ́: "Ogójì ìṣẹ́jú! Ẹni tó bá kọjá ogójì, kó lọ máa ránṣọ!" Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu eegun ń bú ramúramù. Ó mú eegun pàdé eegun, kò gbọ́ ìkíni wọn, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ariwo ẹ̀rọ ló bò ó. Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ló fi ṣe é tán. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó lọ jẹun.

Ẹran wà láàárín. Ìṣù ẹran kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ ló há sáàárín eegun méjì láti ọjọ́ náà. Ojú ẹni tó há a síbẹ̀ ni wọ́n sì ṣe tún itan ọkùnrin tó wà lórí ẹ̀rọ lọ́hùn-ún fọ́ lẹ́ẹ̀kejì pé ti ẹnìkejì rẹ̀ kò jinná. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni wọ́n fi fọ́ ọ.

Ọ̀gá Ọlátẹ́jú rí ojú rẹ̀. Ó gbá a ní ìgbọ̀nwọ́ mú, ó fà á dé ìdí agbada ìfọwọ́, ó ṣí omi kó máa ṣàn kí etí Ìdọ́gba má baà gbọ́.

"Kí ló dé?"

"Ọ̀gá, ẹran wà láàárín eegun yẹn. Èmi ni mo há a síbẹ̀."

Kò ya ọ̀gá lẹ́nu. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ náà gan-an ni mo ti mọ̀. Etí mi kò di."

"Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì!"

"Wọ́n dà? Ọwọ́ ta ló fa ọwọ́ ẹ̀rọ?" Ó sún mọ́ ọn, èémí rẹ̀ ń rùn fún ewé míńtì. "Wo ẹsẹ̀ mi. Ó gún àbí kò gún?"

"Ó gún, sà."

"O wá rò pé mo fi ọgbọ̀n ọdún la ẹran ara ènìyàn tí ọwọ́ mi kò ṣì rí? Adìẹ méje ló ti gbé ẹ̀bi tèmi lọ. Mo mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa ń dárúkọ wọn nínú àdúrà. Ìwọ náà, ní ọ̀kan ṣoṣo. Ṣẹ́ ẹ lónìí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a ó tún Sùnmọ́nù là, a ó fa ẹran náà yọ, yóò jinná, gbogbo wa yóò dúpẹ́."

"Itan Ògúnkòyà ńkọ́?"

"Gbà á ládùúrà."

Omi ń ṣàn. Ìbídùnní ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lábẹ́ omi náà. Adìẹ ni ìyá àgbà rẹ̀ ń ṣẹ́. Òròmọdìẹ kan ṣoṣo fún ènìyàn kan ṣoṣo. Yóò ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, yóò to ó bó ti to ti aláìsàn, yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ bọ́ ọ ní ọkà. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, ọjọ́ náà ni yóò tú igi lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Bí adìẹ bá rìn tí ènìyàn kò rìn ńkọ́? Ìbídùnní ti béèrè rí nígbà tó wà ní kékeré. Ìyá àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. "Adìẹ kì í purọ́, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ló ṣì nìyẹn. Ma tú u, ma tún un tò."

Kò tún adìẹ ṣẹ́ rí. Àwọn tó gbé àṣà náà wọ inú ìwé òfin, apá tó mú ẹ̀jẹ̀ wá ni wọ́n gbé. Wọ́n fi apá tó ń bá olóògùn wí sílẹ̀ sínú omi, òun àti abúlé náà.

"Ọ̀gá," ó wí, "adìẹ ìrànà kì í ṣe ohun àjẹgbé."

Ojú ọkùnrin náà le. "Máa pòwe. Lọ pa á fún Ìdọ́gba, yóò fọ́ ọ nítan. Lẹ́yìn náà, tiro títí dé ilé rẹ, nítorí kò sí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ láṣọ kankan níbí." Ó ti omi pa.

Ìbídùnní padà sídìí ẹ̀rọ. Ó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú. Ohùn Ìdọ́gba jáde láti inú irin, ohùn obìnrin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí kì í yí padà:

"Ta ló ni ẹ̀bi eegun yìí?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń béèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà la gbọ́dọ̀ dáhùn, èyí tó gbẹ̀yìn ló sì ń gbà.

"Ògúnkòyà, ọmọ Jẹ́gẹ́dẹ́," Ìbídùnní wí. Ẹnu irin pàdé mọ́ itan. Ògúnkòyà tutọ́ sí i lójú. Kò nù ún.

"Ta ló ni ẹ̀bi eegun yìí?"

Ìbídùnní wo ẹsẹ̀ ọ̀tún ara rẹ̀. Ó ní ìyá nílé. Ó ní ọdún márùn-ún nínú egungun ẹ̀yìn. Ó ní aṣọ kan tí wọ́n ti rán, tó wà lórí ìkọ́. "Ògúnkòyà," ó wí. "Ọmọ Jẹ́gẹ́dẹ́."

Ẹnu irin tún fún un sí i. Àgbà ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìsí ohùn, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ewìrì. Ìgbà náà ni apá tínínrín kan yọ láti orí ibùsùn kejì. Sùnmọ́nù na ọwọ́, ó nà án títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́, ó fi di ìka Ògúnkòyà mú. Ògúnkòyà sì fún un mọ́wọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

"Ta ló ni ẹ̀bi eegun yìí?"

"Ìbídùnní Àwẹ̀ró!" Ó pariwo rẹ̀. "Ọmọ a-to-eegun-bí-ẹní-to-ìlẹ̀kẹ̀! Èmi ni! Mo há ẹran sáàárín eegun Sùnmọ́nù, mo..."

Ìgbájú Ọ̀gá Ọlátẹ́jú gbà á lẹ́nu kí ó tó parí rẹ̀. Ètè rẹ̀ là. Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, ó fi apá kejì fún un lọ́rùn, ó ń kígbe pé, "Orí rẹ̀ ti dàrú! Ìdọ́gba, má gbọ́!" Ìbídùnní la ẹnu, ó dé ìka rẹ̀ mọ́ eyín, ó sì gé e jẹ títí ó fi kan líle. Ọ̀gá ké bí ewúrẹ́. Ó jù ú sílẹ̀.

"Mo há ẹran sáàárín eegun rẹ̀," Ìbídùnní tutọ́ ẹ̀jẹ̀ dànù, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ àti ti ọ̀gá rẹ̀. "Ìdí rẹ̀ tí kò fi jinná nìyẹn. Ògúnkòyà ti jìyà tirẹ̀ tán láti ẹ̀ẹ̀kíní. Èyí tó kù, tèmi ni."

"Mo gbọ́ orúkọ," Ìdọ́gba wí. Irin kò mọ ìtìjú. Ẹnu rẹ̀ là, ìdè tú lára Ògúnkòyà. "Adìẹ tí a ṣẹ́ láìjẹ̀bi ni yóò di ọwọ́ ẹ̀rọ mú. Bí ó bá kọ̀, ìbéèrè yóò tún bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀."

Ẹ̀ṣọ́ onímú-fífọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì ké nítorí ẹ̀rín náà dùn ún. Kò tíì pa ẹnu dé tí Ògúnkòyà fi já bọ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó fi ẹsẹ̀ kan fò, ó gbá Ìbídùnní lọ́rùn mú, ó kàn án mọ́ ògiri.

"Oṣù mẹ́jọ!" Itọ́ rẹ̀ ń ta sí i lójú. "Oṣù mẹ́jọ, mò ń gbọ́ itan mi lójú oorun! Ìwọ lo ṣe é, ìwọ náà lo tún wá ń pè mí ní bàbá!"

Ojú Ìbídùnní ṣókùnkùn. Kò gbé ọwọ́ sókè láti gba ara rẹ̀.

"Kòyà!" Sùnmọ́nù ké. "Kòyà, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀! Ta ló bi í?"

Ìka tó ń la òkúta tú lọ́rùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbídùnní ṣubú, ó wúkọ́, ó dìde. Ó rìn fúnra rẹ̀ lọ sórí irin náà, ó dùbúlẹ̀, ó gbé itan ọ̀tún sínú ẹnu ẹ̀rọ níbi tí ó ṣì móoru fún ara ọkùnrin náà.

"Ọ̀gá," ohùn rẹ̀ ń ha, "ẹ tún Sùnmọ́nù là lónìí. Ẹ pa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu eegun. Ẹ fi ọwọ́ mú wọn pàdé, kí ẹ sì tẹ́tí."

Ọ̀gá Ọlátẹ́jú di ìka rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ mú. Ìdọ́gba ti gbọ́, ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kò sì sí omi tó ń ṣàn.

Ògúnkòyà fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú.

"Bí o bá ń fà á, ṣé ó máa ń dùn ọ́?"

Ìbídùnní wo òkè àjà tí ọkùnrin náà ti ń wò lẹ́ẹ̀mẹta. "Lẹ́ẹ̀kíní ó dùn mí, bàbá. Lẹ́ẹ̀kejì, ebi ló ń pa mí."

Ògúnkòyà mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fi ìwọ̀n tó pé lé lọ́wọ́.

"Mí kanlẹ̀, Dókítà."

Kò sí ẹ̀sín nínú ohùn rẹ̀. Ìbídùnní mí. Omi ń kán nínú agbada. Irin gbéra, ayé funfun láti igun dé igun, ohùn kan tí kò mọ̀ pé tòun ni sì kún yàrá. Nígbà tí ohùn náà tán, ó yí ìbàdí díẹ̀, bó ti máa ń yí ti àwọn ẹlòmíràn. Nínú itan rẹ̀, eegun méjì fojú kan ara wọn, wọ́n ha gbàràgàdà.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbọ́ ọ.